Ǹjẹ́ Fíìmù Orí Ayélujára Yóò Gba Ipò Àwo Fíìmù Bí? Àyẹ̀wò Láti Ojú Fíìmù Àgbéléwò Yorùbá

1.0 Ìfáàrà

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú pépà yìí kì í ṣe èyí tí a dá sílẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí ń ta fíìmù ní Ìdúmọ̀tà ń bi ara wọn ní ìbéèrè náà. Àwọn olóòtú fíìmù ń bi ara wọn. Ó sì yẹ kí àwa tí a ń fi fíìmù ṣe iṣẹ́ ìwádìí náà bi ara wa. Ìbéèrè ọ̀hún ni pé: nígbà tí ó ti ṣeé ṣe kí ènìyàn gba odidi fíìmù sínú fóònù rẹ̀ láti orí ayélujára, ǹjẹ́ àwo VCD àti DVD tí a ń rà lọ́jà yóò pa rẹ́ pátápátá bí?

Ìdáhùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan a ní àwo ti kú, ìsìnkú rẹ̀ ni ó kù. Àwọn mìíràn a ní kò sí ohun tí a kò lè fi ọwọ́ dì mú tí ó lè pẹ́ láyé. Èrò tiwa ni pé ìdáhùn méjèèjì kò kún tó, nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo kọ́ ni a ń béèrè. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwo fíìmù ń ṣe fún wa. Ó ṣeé ṣe kí ayélujára gba ọ̀kan nínú wọn, kí ó gba ààbọ̀ èkejì, kí ó má sì lè gba ẹ̀kẹta rárá. Èyí ni a ó gbìyànjú láti fi hàn.

Ó tọ́ kí a sọ ohun tí ó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí èmi òǹkọ̀wé yìí ń da ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré inú fíìmù àgbéléwò kan kọ fún àpilẹ̀kọ mi lórí ìlò òwe, orí ìkànnì ayélujára kan ni mo ti ń wò ó. Mo ti kọ ju ìdajì lọ kí wọ́n tó yọ fíìmù náà kúrò níbẹ̀. Alábòójútó iṣẹ́ mi ní kí n mú ibi tí òwe kan ti jẹ yọ wá kí òun fi etí ara òun gbọ́ ọ. Kò sí ohun tí mo lè tọ́ka sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo tó rí VCD fíìmù náà lọ́wọ́ ìyá kan tí ó ń ta àwo ní Ìbàdàn. Ìyá náà ní, ‘Ọmọ mi, ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè irú èyí lọ́wọ́ mi.’ Àwo méjì ni. Èkíní ṣiṣẹ́ dáadáa, mo sì rí òwe mi níbẹ̀. Èkejì ti họ yánnayànna, nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ kò lè kà. Ayélujára já mi kulẹ̀, àwo náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi kulẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi ní gbè sẹ́yìn ọ̀kan ju èkejì lọ nínú iṣẹ́ yìí.

2.0 Oríṣìí Ọ̀nà Mẹ́ta tí Fíìmù Ń Gbà Dé Láti Orí Ayélujára

Ohun kan tí ó máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé a máa ń pe ohun mẹ́ta ní orúkọ kan náà. Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé wọn kò jọ ara wọn.

Èkíní ni wíwò lójú ẹsẹ̀. Fíìmù náà wà lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ẹni tí ó ni ìkànnì. Bí a ti ń wò ó ni ó ń ṣàn bọ̀ sọ́dọ̀ wa, bí a bá sì ti wò ó tán, kò sí ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́. Bí YouTube, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ti ń ṣe nìyí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn.

Èkejì ni gbígbà sílẹ̀ pẹ̀lú ìdè. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni ìkànnì gbà wá láyè láti gba fíìmù sínú fóònù kí a lè wò ó nígbà tí kò bá sí dátà, ṣùgbọ́n inú ètò ilé-iṣẹ́ náà nìkan ni ó ti lè ṣí. A kò lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, a kò lè gbé e sórí ẹ̀rọ mìíràn, bí owó oṣù tí a san bá sì ti parí, ó di àwátì.

Ẹ̀kẹta ni gbígbà sílẹ̀ láìsí ìdè. Fáìlì ni a gbà, fáìlì náà sì di tiwa. A lè dà á kọ sórí fúláàṣì, a lè gbé e sínú kọ̀ǹpútà, a lè tọ́jú rẹ̀ fún ogún ọdún. Èyí nìkan ni ó jọ àwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó bá ní ‘gbígbà sílẹ̀’ yóò gba ipò àwo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ èwo nínú mẹ́ta wọ̀nyí ni òun ní lọ́kàn.

3.0 Bí Ohun-èlò Fíìmù Yorùbá ti Ń Yí Padà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ìtàn fíìmù Yorùbá fi èyí hàn gbangba, nítorí pé èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ohun-èlò kan yóò lé òmíràn jáde.

Orí sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Ọlá Balógun ni ó darí Àjàní Ògún ní 1976, Adéyẹmí Afọlayan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love sì jẹ́ òṣèré pàtàkì nínú rẹ̀. Hubert Ògúndé náà gbé Aiyé, Jáiyésinmi, Àròpin N’Tènìà àti Àyànmọ́ jáde kí ọdún 1990 tó dé. Ní àkókò yìí, fíìmù kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà lọ sílé. Àwọn eléré ni wọ́n ń gbé e káàkiri láti ìlú dé ìlú bí wọ́n ti ń gbé eré orí ìtàgé, òǹwòran a sì sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń ná sí i. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀run Móoru tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, gbé jáde ní 1982: àwọn ajínitẹ̀ dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á, gbèsè ńlá sì já lé olóhun lórí. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé bí ohun-èlò tuntun bá ti dé, àwọn olè kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n lò.

Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ ní 1986, náírà já wálẹ̀, iye owó tí wọ́n fi ń ra sẹ́lúlọ́ìdì àti èyí tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ní òkè òkun sì di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn eléré fi yà sídìí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Inú ìgbà kásẹ́ẹ̀tì yìí ni Túndé Kèlání ti ṣe Ti Olúwa Nilẹ̀ (1993) àti Ó Le Kú (1997). Orúkọ náà ‘àgbéléwò’ sọ gbogbo ohun tí ó yí padà: fíìmù kúrò ní ohun tí à ń lọ wò ní gbọ̀ngàn, ó di ohun tí à ń gbé sílé wò.

Nígbà tí ọ̀rúndún yìí bẹ̀rẹ̀ ni VCD gba ipò kásẹ́ẹ̀tì. Ní 1993 ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n VCD jáde. DVD tẹ̀ lé e ní ilẹ̀ Japan ní 1996, ṣùgbọ́n VCD tí ó dínwó jù ni ó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ìṣẹ́jú 74 ni àwo VCD kan lè gbà. Fíìmù tí ó bá ju èyí lọ kò lè ṣe kí a má pín in sí àwo méjì. Lẹ́yìn náà ni ayélujára dé. Wọ́n dá iROKOtv sílẹ̀ ní 2011. Netflix wọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2016. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Kúnlé Afọlayan, ọmọ Adé Love, gbé Aníkúlápó jáde lórí Netflix. Bàbá ń gbé sẹ́lúlọ́ìdì kiri láti ìlú dé ìlú; ọmọ kò gbé ohunkóhun kiri. Kò ju ogójì ọdún ó lé díẹ̀ lọ láàrin àwọn méjèèjì.

4.0 Iṣẹ́ Mẹ́ta tí Àwo Ń Ṣe

4.1 Gbígbé Fíìmù dé Ọ̀dọ̀ Òǹwòran

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àwo ń ṣe ni pé ó ń gbé fíìmù láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wò ó. Ní ti iṣẹ́ yìí, kò sí àríyànjiyàn mọ́: ayélujára ti borí. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀làjú lásán. Ẹni tí yóò wo àwo gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí ń ka àwo, kí ó ní tẹlifíṣọ̀n, kí iná ìjọba sì wà tàbí kí ó ní jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí yóò wo fíìmù lórí fóònù kò nílò ju fóònù tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston kò ní láti dúró de ẹni tí ń bọ̀ láti ilé kí ó tó rí fíìmù tuntun wò.

Ní òkè òkun pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Netflix tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi DVD ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1998 fi èyí tí ó kẹ́yìn ránṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Samsung ti dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ Blu-ray tuntun fún ọjà Amẹ́ríkà dúró ní 2019.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí a bá ṣírò bí VCD ṣe ń kó àwòrán àti ohùn jọ, wákàtí kan rẹ̀ tó nǹkan bí 620 MB, àwòrán rẹ̀ kò sì mọ́ tó ohun tí ojú ti mọ́ lára lóde òní. Àwòrán tí ó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lè gba ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún dátà yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, títí dé ìdá 50 nínú 100. Èyí ni ó jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ títì ṣì ń rí ṣe: wọn a gba owó díẹ̀, wọn a sì da fíìmù kọ sórí mẹ́mórì káàdì ẹni tí kò fẹ́ ná dátà. Kì í ṣe àwo ni wọ́n ń tà, kì í sì ṣe ayélujára ni oníbàárà wọn ń lò. Nǹkan kẹta ni.

4.2 Ẹ̀rí Níní

Iṣẹ́ kejì ni pé àwo jẹ́ ẹ̀rí pé ohun kan jẹ́ ti ẹni. Ẹni tí ó bá ra àwo lè yá ará ilé rẹ̀, ó lè fi ta ọrẹ, ó lè tà á, bí ó bá sì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jogún rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe àwo náà lè wọ gbèsè, kí ó sì kógbá sílé. Ìyẹn kò kan àwo tí ó wà nínú àpótí wa. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnì ‘rà’ lórí ayélujára sábà máa ń rò pé òun náà ti ra nǹkan. Ohun tí ó rà kò ju àṣẹ ìlò lọ. Àpẹẹrẹ pọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2009, Amazon yọ ìwé George Orwell kan, 1984, kúrò nínú ẹ̀rọ Kindle àwọn tí ó ti sanwó rẹ̀, nígbà tí ó hàn pé ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ kò ní àṣẹ. UltraViolet, ètò tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí pé kí àwọn ènìyàn máa tọ́jú fíìmù tí wọ́n rà síbẹ̀, kógbá sílé ní oṣù keje ọdún 2019. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Sony kéde pé òun yóò yọ àwọn ètò Discovery tí àwọn ènìyàn ti rà lórí PlayStation kúrò. Ariwo tí wọ́n pa ni ó jẹ́ kí ó yí ìpinnu náà padà kí oṣù náà tó parí. Ní 2024, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin pé ẹni tí ó bá ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó yé oníbàárà pé àṣẹ ìlò ni ó ń rà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti yé gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀ ni, kò ní sí ìdí láti ṣe òfin lé e lórí.

Nítorí náà, oríṣìí kẹta tí a mẹ́nu bà ní ìpín 2.0, èyí tí kò ní ìdè, ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n oríṣìí yìí gan-an ni àwọn tí ó ni fíìmù ń sá fún jù, nítorí ẹ̀rù àwọn ajínitẹ̀. A kò lè dá wọn lẹ́bi, bí a bá rántí Bàbá Sàlá. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ààbọ̀ iṣẹ́ yìí ni ayélujára gbà.

4.3 Ìpamọ́ àti Ẹ̀rí Ìwádìí

Iṣẹ́ kẹta ni ó kan àwa tí a wà nínú yàrá yìí jù. Àwo máa ń mú kí fíìmù dúró sójú kan. Ẹni méjì tí ó bá ní àwo kan náà lọ́wọ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun kan náà ni àwọn ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Páálí rẹ̀ máa ń gbé orúkọ olóòtú, olùdarí àti àwọn òṣèré, ó sì lè gbé ọdún àti èdìdì àjọ tí ń yẹ fíìmù wò. Fún ẹni tí ń kọ ìtàn fíìmù Yorùbá, páálí yìí kò yàtọ̀ sí ojú-ewé àkọ́kọ́ ìwé.

Lórí ayélujára, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè pààrọ̀ àkọlé fíìmù kí ó lè fa ojú ènìyàn mọ́ra. Wọ́n lè gé orin inú rẹ̀ kúrò nítorí ẹ̀tọ́ olórin. Wọ́n lè já a sí wẹ́wẹ́. Èyí tí ó léwu jù ni ti ọdún: ọjọ́ tí wọ́n gbé fíìmù sórí ìkànnì ni ó máa ń hàn, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fura lè kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ pé fíìmù kásẹ́ẹ̀tì kan tí ó jáde ṣáájú 2000 jẹ́ ti 2015, kí gbogbo àlàyé rẹ̀ lórí bí èdè ti ń yí padà sì wọ́ nítorí àṣìṣe kan ṣoṣo yìí. Bí fíìmù náà bá sì wá pòórá, kò sí ẹni tí yóò lè tún un ṣe mọ́.

5.0 Àwọn Àtakò tí Ó Ṣeé Ṣe

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé àwo fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun ìpamọ́ gidi. Òtítọ́ ni. Àwo tí ilé-iṣẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀ lágbára ju àwo tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà jó lọ, nítorí pé aró tí ìmọ́lẹ̀ kọ nǹkan sí lára ni àwo jíjó gbáralé, aró yìí a sì máa ṣá nínú oòrùn àti ooru. Púpọ̀ nínú àwo tí ó wà lọ́jà wa ni ó jẹ́ àwo jíjó. Yàtọ̀ sí èyí, àwo tí kò ní ẹ̀rọ tí yóò kà á kò sàn ju dígí lásán lọ, kọ̀ǹpútà tuntun kì í sì í sábà ní ojú àwo mọ́.

Ẹlòmíràn lè ní kí a fi ọkàn balẹ̀, pé ohun àtijọ́ kì í kú tán: ó ṣe tán, ní Amẹ́ríkà, owó tí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá àtijọ́ ń mú wọlé ti ju ti CD lọ láti 2020. Èyí náà jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Àwọn tí wọ́n ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù ń rà á nítorí pé ilé-iṣẹ́ ṣì ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ sì wà lọ́jà. VCD kò ní irú ìfẹ́ yẹn lára. Àwòrán rẹ̀ kò dára tó ohun tí ẹnikẹ́ni yóò máa ṣàárò. Bí yóò bá là á já, àwa ni a ó mọ̀ọ́mọ̀ gbà á là.

Ẹ̀kọ́ wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976. Àwọn ènìyàn ti gbà pé ó ti sọnù. Ní 2016 ni wọ́n rí i nínú ibi ìpamọ́ Nigerian Film Corporation ní Jọ́ọ̀sì. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Ohun tí ó gba fíìmù yìí là ni pé ẹ̀dà rẹ̀ kan wà níbì kan, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rántí rẹ̀. Fíìmù tí ó jẹ́ pé orí ìkànnì nìkan ni ó wà kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò ni ó parí.

6.0 Ohun tí Ó Kù fún Wa Láti Ṣe

Bí àlàyé wa bá tọ́, ohun mẹ́ta ni a lè ṣe nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa láìdúró de ìjọba. Èkíní, kí á máa kó VCD àti DVD fíìmù Yorùbá jọ nísinsìnyí pẹ̀lú páálí wọn, nígbà tí àwọn òǹtajà kò tíì dà wọ́n nù, kí a sì ra ẹ̀rọ tí ń ka àwo méjì tàbí mẹ́ta pa mọ́. Èkejì, kí a tọ àwọn tí ó ni fíìmù lọ fún àṣẹ láti da àwọn àwo náà kọ sí fáìlì tí kò ní ìdè, kí a sì tọ́jú fáìlì kọ̀ọ̀kan sí ó kéré tán ibi méjì. Àwo fún ẹ̀rí, fáìlì fún ẹ̀mí gígùn. Ẹ̀kẹta, kí ó di dandan fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lo fíìmù orí ayélujára láti kọ ọjọ́ tí ó wò ó, kí ó wádìí ọdún tí wọ́n ṣe é níti gidi, kí ó sì fi àdàkọ ọ̀rọ̀ tí ó lò sí ẹ̀yìn àpilẹ̀kọ rẹ̀.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú pépà yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìbéèrè bóyá fíìmù orí ayélujára yóò gba ipò àwo kì í ṣe èyí tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Ní ti gbígbé fíìmù dé ọ̀dọ̀ òǹwòran, ó ti gbà á. Ní ti níní, fáìlì tí kò ní ìdè nìkan ni ó lè gbà á, àwọn olóhun kì í sì í fẹ́ẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀. Ní ti ìpamọ́ àti ẹ̀rí, kò lè gbà á àyàfi bí àwa fúnra wa bá ṣètò rẹ̀. Ọjà kò ní bá wa ṣe é, nítorí pé ohun tí ó bá tà ni ọjà mọ̀. Ìyá tí mo ra VCD lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn sọ fún mi pé bí ọdún yìí bá parí, òun yóò kó ìyókù àwo inú ìsọ̀ òun dà nù, òun yóò sì máa ta páọ̀sì fóònù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe sùúrù fún wa. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.